Bándì A Kò Sọ Ilé Di Ilé A: Àyẹ̀wò Iná àti Ooru Kí Ẹ Tó Ta Ilé Tàbí Gba Ayálégbé ní Ìkòròdú

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ejẹ́ǹtì tó ń wá ẹni tó máa gba ilé sí Àgríìkì tàbí Ìsàwọ̀ á kọ ọ́ gàdàgbà sójú páálí pé "Bándì A." Àbúrò onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tóun náà ní fúláàtì kan tó ń gba owó ilé lórí rẹ̀ níbẹ̀, á ní D ni wọ́n fún tòun, òun ṣì ń wá bí yóò ṣe gòkè dé C. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòròdú á bú sẹ́rìn-ín: "Àwa tiẹ̀ ti wà ní A tipẹ́!" Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ ohun tí kálukú ń sọ yàtọ̀. Lẹ́tà ti Lọ́ńdọ̀nù ń sọ nípa ara ilé fúnra rẹ̀. Ti Ìkòròdú ń sọ nípa wáyà tó wọ inú ilé.

Owó gidi wà nínú ìyàtọ̀ yìí, fún ẹni tó fẹ́ ta ilé tàbí gba ayálégbé, àti fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sọ ọ́ di òfin. Ní Íńgíláǹdì àti Wales, láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní EPC (Energy Performance Certificate, ìwé ẹ̀rí bí ilé ṣe ń lo iná àti ooru sí) lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta ilé. Nígbà tó di 2008, ó kan àwọn tó ń gba ayálégbé. Ẹni tó níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà á wọ ilé, á wọn yàrá, á wo irú ògiri tí wọ́n fi kọ́ ọ, á gun òkè àjà lọ wo ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti dí otútù. Á wo fèrèsé bóyá gíláàsì méjì ló wà nínú rẹ̀, á wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, á wo gílóòbù. Kọ̀ǹpútà á wá fún ilé náà ní máàkì láti 1 dé 100, máàkì yẹn ló ń di lẹ́tà: láti 92 sókè ni A, láti 69 dé 80 ni C, láti 39 dé 54 ni E, láti 20 wálẹ̀ ni G. Ọdún 10 ni ìwé náà ń lò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé tó bá jẹ́ F tàbí G kò lè gba ayálégbé tuntun mọ́, àfi tó bá ní àwíjàre tí òfin fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin náà dé orí àwọn ayálégbé tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Faransé náà kò gbẹ́yìn: láti oṣù kìíní ọdún 2025, ẹni tó ní ilé G níbẹ̀ kò lè fi gba ayálégbé tuntun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí ni pé ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò yẹn kì í béèrè iye ìgbà tí ẹ ń wẹ̀ lójúmọ́, kì í sì í béèrè bóyá ọmọ yín máa ń gbàgbé tẹlifíṣọ̀n sí títàn. Ìṣe àwọn tó ń gbébẹ̀ kò kàn án. Ó gbà pé ìdílé kan tí ìwà wọn kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé ni yóò gbé ilé náà, ó wá ń wò ó pé èló ni ilé yẹn yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ ra ilé fi lè gbé ìwé ilé méjì kalẹ̀, kó sì mọ èyí tó máa jẹ òun lówó.

Bándì tiwa ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Wákàtí iná ni wọ́n fi pín àdúgbò: A ni ibi tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ẹni tó bá ń rí iná púpọ̀ ló ń san owó tó wọ́n jù lórí yúníìtì kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó Bándì A fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan ṣoṣo, kó tó rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wáyà àgbà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò ni wọ́n ń fún ní lẹ́tà náà, nítorí náà gbogbo ilé tó wà lórí wáyà yẹn ló ń jẹ́ A: ilé alájà rere, ilé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àti ṣọ́ọ̀bù oníkóńténà tó wà lójú títì. Ikeja Electric, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni kó tó kọ ọ́.

Ẹ wá fi méjèèjì lé ara wọn. Ilé tí kò dára tó bá wà ní Bándì D ń yọ olówó rẹ̀ lẹ́nu fún wákàtí mélòó kan, iná á sì lọ. Ilé kan náà, tí wọ́n bá gbé e sí Bándì A, á máa jẹ owó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní iye tó ga jù. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń ra epo kún táǹkì tó lu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tó jẹ́ họ́ọ̀sì kan ń fa nǹkan bí 0.8 yúníìtì ní wákàtí kan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Tí yàrá bá ti tutù tó, ẹ̀rọ náà á sinmi, á tún gbéra nígbà tó bá yá. Nínú yàrá tí àjà rẹ̀ ń rọ ooru sísàlẹ̀, kò ní ráyè sinmi: wákàtí 8 lóru á gba 6.4 yúníìtì. Tá a bá fi ₦210 ṣírò yúníìtì kan, láìka VAT, ₦1,344 nìyẹn lálẹ́ kan, ₦40,320 lóṣù. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ náà ti ń fi ìdajì àkókò sinmi, ₦20,160 ni. Ìyàtọ̀ wọn lọ́dún jẹ́ ₦241,920, lórí yàrá kan péré. Ìyẹn ni pé ẹni tó gba ilé tó tutù lè san owó ilé tó fi ₦200,000 ju ti ilé kejì lọ, kó ṣì jẹ́ pé òun ló jèrè. Onílé tó mọ ìṣirò yìí ní ohun tó lè fi gbèjà iye tó bá pè. Ayálégbé tó bá mọ̀ ọ́n náà ní ohun tó lè fi dúnàá dúrà.

Ní Ìkòròdú, kò sí òfin tó ní kí onílé fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn kó tó ta ilé. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2017, orúkọ rẹ̀ ni Building Energy Efficiency Code, tó sọ bó ṣe yẹ kí òrùlé, fèrèsé, gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù ilé tuntun rí kí ilé má bàa máa fi iná ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àmójútó ilé kíkọ́ wà, ìlànà náà kò sì fọwọ́ kan àwọn ilé tá a ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì ńlá lè gba ìwé ẹ̀rí EDGE, tí IFC (apá kan lára Báńkì Àgbáyé) dá sílẹ̀, tó ní kí ilé fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 dín iná, omi àti kábọ́ọ̀nù tí ṣíṣe ohun ìkọ́lé ń tú sáfẹ́fẹ́ kù. Onílé onífúláàtì mẹ́rin ní Ọ̀gólóńtò kò nílò ìyẹn. Ohun tó nílò ni ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tẹmómítà méjì tí kò wọ́n, ìwé àti bírò.

Òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo máa dúró sí pẹ́ jù. Ìkòròdú kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí àtàrí wa gan-an. Òrùlé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà tàbí tó dúdú ń gba ooru sára. Èyí tó funfun tàbí tó ń dán ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn páànù ni àlàfo tó wà láàárín òrùlé àti àjà. Tí etí òrùlé kò bá ní ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, àlàfo yẹn á di ààrò. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ gun àkàbà, kí ẹ fọwọ́ kan àjà. Tó bá gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni iná ẹ̀rọ amúlétutù ń bá lọ. Ihò tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò sí etí òrùlé, ọ̀dà funfun lórí páànù, tàbí fóòmù pélébé lórí àjà, kò sí èyí tó tó owó tí èèyàn ń ná sórí táìsì pálọ̀. Síbẹ̀ táìsì là ń ṣe ká tó pe ẹni tó máa wo ilé.

Tí ilé bá ti pẹ́, tí àjà rẹ̀ sì jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe lu ú, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Àṣà tuntun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìyẹn ilé tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé rẹ̀ yí ká, tí kò ní etí òrùlé rárá. Ó lẹ́wà nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n etí òrùlé tó yọ síta ló ń fi òjìji bo ògiri ìhà àríwá àti gúúsù, nígbà tí oòrùn bá wà lókè. Òrùlé oníkọnkéré náà ní tirẹ̀: á mu oòrùn láti àárọ̀, á wá máa tú u sínú yàrá lóru. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé òkè pátápátá fi máa ń jókòó sí bákónì di aago mọ́kànlá.

Ògiri ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni etí òrùlé kò lè gbà sílẹ̀, torí pé oòrùn ti lọ sílẹ̀ kó tó kọjú sí wọn. Ẹ wo yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn dáadáa; tó bá jẹ́ pé yàrá ńlá tí ẹ ń polówó ni, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Igi frúùtù kan tó jìnnà sí fẹ́ǹsì àti sọ́kàwéè díẹ̀ á ṣe é, ìbòrí tí wọ́n kàn mọ́ òkè fèrèsé náà á ṣe é. Ẹ má kàn dí fèrèsé yẹn pa o. Ọ̀sà wà ní ìhà gúúsù Ìkòròdú, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sì ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá jù lọ́dún. Apá tí oòrùn ti ń dà yín láàmú lè jẹ́ apá tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Ní ti fèrèsé, títóbi rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ wò, bí kò ṣe ìwọ̀n tó ń ṣí. Èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wọ́pọ̀ báyìí, ìdajì rẹ̀ ló lè ṣí. Lúfà àtijọ́ tí a ti yọ dànù ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn náà ń ṣí tán. Yàrá tó ní fèrèsé lára ògiri kan ṣoṣo kò ní rí afẹ́fẹ́ tó dáa bí ó ti wù kí fèrèsé náà fẹ̀ tó, torí afẹ́fẹ́ tó wọlé ní láti rí ibi jáde.

Ọgbà náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Fẹ́ǹsì gíga tí kò ní ihò, ilẹ̀ tí wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bò látòkè délẹ̀, kò sí koríko, kò sí igi: ooru ilẹ̀ yẹn ló ń gba ojú fèrèsé wọlé lálẹ́.

Àwọn tẹmómítà yẹn wá wúlò báyìí. Ẹ gbé ọ̀kan kọ́ sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kò sí ní títàn, ẹ gbé èkejì kọ́ síta lábẹ́ òjìji. Ẹ kà wọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́. Tó bá di aago mẹ́wàá tí inú yàrá ṣì fi ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbóná ju ìta lọ, ilé yẹn ń tọ́jú ooru pa mọ́. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ló dáa jù láti ṣe é. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà ọyẹ́ tàbí láàárín òjò á tan yín jẹ.

Ó ku mítà. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ imp/kWh tẹ̀ lé. Lórí ọ̀pọ̀ mítà, 1000 ni. Àwọn mìíràn ní 1600. Iná pupa kékeré kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1000, ìgbà tó bá ṣẹ́jú ní ẹgbẹ̀rún ni yúníìtì kan lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ yọ fíríìjì àti fírísà kúrò lára iná, kí ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò yẹ kó ṣẹ́jú mọ́ (lórí àwọn mítà kan, á kàn tàn gbọn-in lójú kan, ìyẹn kò burú). Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹnìkan ń jẹ nínú oúnjẹ yín: ó lè jẹ́ gílóòbù géètì, ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tí wọ́n ti so mọ́ wáyà yín láti ayé ẹni tó lọ, ó sì lè jẹ́ wáyà tó ti bó nínú ògiri. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń pa èèyàn. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA (àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí), ẹ má ṣe pe ẹni tó ń bá yín gun òpó nígbà tí fíúsì bá já.

Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn náà lẹ lè fi mọ ohun tí ẹ̀rọ kan ń jẹ. Ẹ tan fíríìjì nìkan. Lórí mítà tó jẹ́ 1000, tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀: 120 wáàtì nìyẹn. Fíríìjì àlòkù láti òkè òkun tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ayálégbé bí ẹ̀bùn lè jẹ́ gbèsè. Gílóòbù oníwáyà àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, LED tó jẹ́ 9 wáàtì lè tàn bíi tirẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wọn, kò tún nílò àlàyé.

Fúláàtì mẹ́rin tó ń lo mítà kan ṣoṣo, ìjà ni ẹ ń tà fún èèyàn. Kí ẹ tó gba ayálégbé, ẹ ya mítà wọn sọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè ní ọ́fíìsì iná bóyá gbèsè wà lórí àkáǹtì ilé náà, torí wọ́n lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó tí ẹni tuntun bá fi ra yúníìtì, tí yóò sì máa rò pé mítà ló ń sáré. Ẹni tó ń ra ilé gbọ́dọ̀ béèrè èyí kó tó sanwó.

Bándì gan-an ńkọ́? Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì gbọ́ lásán. Ẹ bi àwọn ará ilé kejì wákàtí tí iná lò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 ni pé tí wáyà Bándì A kò bá lè mú wákàtí 20 wá fún ọjọ́ 7 léraléra, kí wọ́n já a sílẹ̀ sí bándì tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ̀gbin, iléeṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná tó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí, tó lè mú 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde, kò sọ pé iná máa tàn ní Ìjẹ̀dẹ́ ju Ìkẹjà lọ. Orí wáyà àpapọ̀ ni ohun tó ń pèsè ń lọ. Mo mẹ́nu bà á torí pé àwọn kan ṣì ń fi ìsúnmọ́ Ẹ̀gbin polówó ilẹ̀.

Tí ilé bá ní sólà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wáàtì páńẹ́lì, ìwọ̀n ínfátà, irú bátìrì àti ọdún tí wọ́n rà á. Bátìrì tó ti gbó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kún owó ilé. Ilé tó gbóná ń béèrè sólà tó tóbi, nítorí náà ọ̀rọ̀ àjà ló ṣáájú ti páńẹ́lì. Tó bá sì jẹ́ ayálégbé ló fẹ́ gbé sólà tirẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé tirẹ̀ ni, pé yóò kó o lọ, àti ẹni tó máa dí ihò tí irin páńẹ́lì dá sí òrùlé. Kí ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí wọ́n tó gun òkè. Tó bá di ìgbà òjò, omi kò ní béèrè ẹni tó lu ihò náà.